Rírọbí Nínú Omi: Àwọn Ìbéèrè Tẹ́ Ẹ Ń Bi Mí Jù, Àti Ohun Tí Mo Mọ̀ Nípa Ẹ̀

Ẹ kú ilé o. Ẹ̀yin aboyún tẹ́ ẹ ń ka èyí, wẹ́rẹ́ lẹ máa sọ̀, a máa gbóhùn ìyá, a máa gbóhùn ọmọ.

Iṣẹ́ agbẹ̀bí ni mò ń ṣe ní London, ọmọ Ìbàdàn ni mí, èmi náà sì ti kúnlẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Àkọ́bí mi, orí bẹ́ẹ̀dì ni mo bí i sí ní ọsibítù kan nílé, wọ́n ní kí n dùbúlẹ̀ kí n kọjú sókè, kí n má yíra padà. Èkejì, London níbí ni, inú omi ni mo ti rọbí, inú omi náà ni mo bí i sí. Ẹ̀kẹta, mo wọ omi, wọ́n ní kí n jáde, orí ilẹ̀ ni mo bí i sí. Mo wá rí i pé ìbéèrè kan náà lẹ ń bi mí lórí WhatsApp, níbi ìkómọ, nínú bọ́ọ̀sì pàápàá, mo ní kí n kúkú kọ gbogbo ẹ̀ síbì kan. Ohun tí mo rí lára ara mi àti lára àwọn tí mo gbẹ̀bí fún ni mo kọ síbí, ẹni tó mọ fáìlì yín ló máa sọ èyí tó bá yín mu o.

Àǹtí, kí ni wọ́n ń pè ní rírọbí nínú omi gan-an? Ṣé òun náà ni bíbímọ sínú omi?

Rárá, ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Rírọbí nínú omi ni pé ẹ wọ inú púùlù, ìyẹn bááfù ńlá kan tó jìn tí omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ wà nínú ẹ̀, nígbà tí ìrọbí bá ti mú gan-an, kí ara lè rọ̀ yín. Tó bá kù díẹ̀ kí ọmọ dé, ẹ lè jáde kẹ́ ẹ bí i sórí ilẹ̀. Bíbímọ sínú omi ni pé ẹ ò jáde, inú omi yẹn ni ọmọ máa bọ́ sí. Ọ̀pọ̀ obìnrin tó wọ omi ni kì í bímọ sínú ẹ̀, kò sì sóhun tó burú ńbẹ̀.

Omi yẹn gbọ́dọ̀ pọ̀ o. Tẹ́ ẹ bá jókòó, ó gbọ́dọ̀ bo ikùn kó dé ọmú, torí bó ṣe ń gbé yín fúyẹ́ yẹn gan-an ni iṣẹ́ ẹ̀. Bááfù ilé tí omi ò kọjá itan ò lè ṣe tó bẹ́ẹ̀, àmọ́ ó dáa fún ìrora ìbẹ̀rẹ̀ tẹ́ ẹ bá ṣì wà nílé.

Ṣé lóòótọ́ ló máa ń dín ìrora kù, àbí ẹnu lásán ni?

Ó máa ń dín in kù, kì í mú un kúrò. Ẹni tó bá sọ fún yín pé kò dun òun rárá, ẹ bá a yọ̀, ṣùgbọ́n ẹ má fi tiẹ̀ wọn tiyín.

Tèmi rèé. Èkejì mi, aago méjì òru ti kọjá, wọ́n ní ẹnu ilé ọmọ mi ti ṣí dé sẹ̀ńtímítà márùn-ún, ìbàdí mi ń já bíi pé wọ́n ń fà á ya láti ẹ̀yìn, mo di irin bẹ́ẹ̀dì mú, mi ò lè sọ̀rọ̀. Mo gbé ẹsẹ̀ kan sínú omi yẹn, mo gbé ìkejì, mo rọra sọ̀kalẹ̀, ìgbà tí omi dé ọmú mi ni mo gbọ́ tí èmi fúnra mi ṣe "haaa", bí ẹni tó sọ ẹrù kalẹ̀ lórí lẹ́yìn ìrìn ọ̀nà jíjìn. Ìrora yẹn ṣì ń bọ̀ o, bó ṣe ń bọ̀ tẹ́lẹ̀ náà ló ń bọ̀, àmọ́ láàárín ọ̀kan sí èkejì, ara mi ń sinmi. Lórí ilẹ̀, ẹ̀yìn mi, èjìká mi, ẹsẹ̀ mi, gbogbo ẹ̀ ló ṣì ń bá mi jà kódà tí ikùn bá dákẹ́. Nínú omi, ikùn tó ti wúwo bí àpò gàrí láti bí oṣù méjì ló léfòó bí igbá, mi ò gbé e mọ́.

Mo wá kúnlẹ̀. Mo gbé apá lé etí púùlù, mo gbé orí lé apá. Ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò, àwọn ìyá wa ò sọ pé "ìdùbúlẹ̀ abiyamọ", ìkúnlẹ̀ ni wọ́n sọ, ìkúnlẹ̀ yẹn náà ni wọ́n fi ń bẹ èèyàn tí ọ̀rọ̀ bá le. Nígbà àkọ́bí mi, kò sẹ́ni tó jẹ́ kí n kúnlẹ̀, wọ́n tún ń sọ pé kí n dákẹ́ ariwo. Ohun tí omi yẹn fún mi jù nìyẹn, ó ju ọ̀rọ̀ ìrora lọ: orúnkún mi ò dùn mí, mo kúnlẹ̀ fún wákàtí méjì, mo yí bó ṣe wù mí, kò sẹ́ni tó lè wá fọwọ́ tẹ̀ mí mọ́lẹ̀. Ọ̀pọ̀ obìnrin tí mo ti gbẹ̀bí fún ló ń sọ ohun tó jọ ọ́, wọ́n á ní "ó dà bíi pé yàrá tèmi ni", "mo mọ ohun tí mò ń ṣe".

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu wa nìkan. Ní 2018, Cochrane, ẹgbẹ́ kan tó ń kó ìwádìí ìṣègùn jọ yẹ̀ wò, kó ìwádìí 15 jọ, obìnrin 3,663 ló wà nínú wọn, wọ́n rí i pé àwọn tó wọ omi nígbà tí ilé ọmọ ṣì ń ṣí, àwọn tó gba epidural, ìyẹn abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn tó ń pa ìrora, nínú wọn kéré díẹ̀ sí tàwọn tí ò wọ̀ ọ́, bíi 39 nínú 100 sí 43. Ẹ rí i pé ìyàtọ̀ yẹn ò pọ̀ bí àwọn kan ṣe ń pariwo ẹ̀. Kò sì yí iye tí wọ́n fi iṣẹ́ abẹ gbẹ̀bí fún padà.

Gbogbo ara sì kọ́ ló ń fẹ́ ẹ. Obìnrin Ìjẹ̀bú kan tí mo gbẹ̀bí fún ń sùn láàárín ìrora, ó ń hanrun, ọkọ ẹ̀ ń wò mí bíi pé kí ló dé. Ẹlòmíì wọ̀ ọ́, kò lò ju ogún ìṣẹ́jú lọ, ó ní ooru ń mú òun, òòyì ń kọ́ òun, ẹ gbé mi jáde jàre. A gbé e jáde, ó lọ dúró níwájú fáànù, ibẹ̀ ló ti rọbí títí tó fi bí i.

Ṣé mo lè gba oògùn ìrora mọ́ ọn?

Gas and air, ìyẹn gáàsì tẹ́ ẹ máa ń fà sẹ́nu tí ìrora bá dé, ẹ lè máa fà á nínú omi. Pethidine, ìyẹn abẹ́rẹ́ ìrora kan, ó kéré tán wákàtí méjì gbọ́dọ̀ kọjá lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá gbà á, ojú yín sì gbọ́dọ̀ dá, torí ẹni tí oorun oògùn ń gbé kò gbọdọ̀ wà nínú omi. Tó bá jẹ́ epidural, ẹ gbàgbé omi.

Ìyá mi ní ọmọ máa mu omi yó. Kí ni mo fẹ́ sọ fún wọn?

Ìyá tèmi náà bèèrè, wọ́n pè mí láti Ìbàdàn, wọ́n ní "ṣé ẹja lo fẹ́ bí ni?" Ohun tí mo sọ fún wọn nìyí.

Ọmọ tó ṣì wà nínú kì í fi imú mí, inú omi ló ti wà látọjọ́ yìí, ìwọ́ ló ń gbé atẹ́gùn lọ bá a látinú ibi. Tó bá jáde sínú omi tó lọ́ bí ara ìyá ẹ̀, ìwọ́ yẹn ṣì ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, nǹkan kan ò tíì sọ fún un pé ó ti dóde. Ìgbà tí ojú ẹ̀ bá kan afẹ́fẹ́, tí tútù òde bá kàn án, ìgbà yẹn ló máa fa èémí àkọ́kọ́. Ìdí nìyẹn tí a kì í fi í ṣeré pẹ̀lú ohun méjì. Èkíní, tó bá ti bọ́, a máa gbé e sókè lójú ẹsẹ̀, ojú ẹ̀ ló máa kọ́kọ́ kúrò nínú omi, a ò ní fi í sílẹ̀ kí wọ́n máa ya fídíò. Èkejì, tẹ́ ẹ bá dìde tí orí ọmọ ti yọ tí afẹ́fẹ́ sì ti kàn án, ẹ ò gbọdọ̀ jókòó padà sínú omi mọ́, bẹ́ ẹ ṣe dúró yẹn lẹ máa ṣe parí ẹ̀.

Ọmọ tí ara ti ń ni nínú lè fa èémí kí àsìkò tó tó, ìyẹn ló jẹ́ ká máa gbọ́ ọkàn ẹ̀ lemọ́lemọ́. Ní ìṣẹ́jú 15, 15 ni tí ilé ọmọ bá ń ṣí, tẹ́ ẹ bá ti ń púùṣì ó di ìṣẹ́jú 5, 5. Ẹ̀rọ kékeré kan tí omi ò lè bà jẹ́ la fi ń gbọ́ ọ, ẹ ò ní láti jáde, ẹ kàn máa gbé ikùn sókè díẹ̀.

Ìwádìí POOL tí Cardiff University ṣáájú ẹ̀, tó jáde ní 2024, wo obìnrin tó lé ní 87,000 tó lo púùlù ní ibi 26 lábẹ́ NHS, ìyẹn iṣẹ́ ìlera ìjọba Britain, láàárín 2015 sí 2022. Fún àwọn tí oyún wọn ò ní wàhálà kankan, kí wọ́n bí i sínú omi ò léwu ju kí wọ́n jáde kí wọ́n tó bí i lọ, fún ìyá àti fún ọmọ. Ní Amẹ́ríkà wọn ò gbà á tó bẹ́ẹ̀ o. ACOG, ẹgbẹ́ àwọn dókítà aláboyún wọn, sọ ní 2016 pé ẹni tí ara ẹ̀ le lè rọbí nínú omi láti ọ̀sẹ̀ 37, ṣùgbọ́n orí ilẹ̀ ni kó ti bí i. Tẹ́ ẹ bá wà ní Houston tàbí Maryland, ohun tí wọ́n máa sọ fún yín nìyẹn, ẹ má rò pé wọ́n ń fi nǹkan dù yín.

Ta ló tiẹ̀ bẹ̀rẹ̀ nǹkan yìí?

Ẹni tí wọ́n máa ń dárúkọ jù ni Michel Odent, dókítà ará Faransé kan tó gbé púùlù sí ọsibítù Pithiviers kí obìnrin lè sinmi nínú ẹ̀. Ìrora ni wọ́n tìtorí ẹ̀ wọ̀ ọ́, àwọn kan ò wá fẹ́ jáde mọ́, bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í bímọ sínú ẹ̀ nìyẹn. Ní 1983 ó kọ nípa 100 irú ìbímọ bẹ́ẹ̀ nínú ìwé ìròyìn Lancet. Ní Britain, ìgbìmọ̀ ìlera àwọn aṣòfin House of Commons sọ ní 1992 pé kí ọsibítù jẹ́ kí obìnrin rí púùlù lò níbi tó bá ti ṣeé ṣe, NICE, àjọ tó ń ṣe ìlànà ìtọ́jú fún àwọn ọsibítù, náà wá sọ ní 2007 pé kí wọ́n máa fi lọ obìnrin fún ìrora. Kì í ṣe àṣà tó dé lánàá.

Báwo ni omi yẹn ṣe gbọ́dọ̀ gbóná tó? Mo fẹ́ràn omi gbígbóná gan-an.

Mo mọ̀, àwa tí wọ́n fi omi gbígbóná wẹ̀ fún lẹ́yìn ìbímọ, ó ti mọ́ wa lára. Ìyẹn yàtọ̀ o, ọmọ ti jáde nígbà yẹn. Èyí, ọmọ ṣì wà nínú, kò sì lè laagun, tí ara yín bá gbóná tiẹ̀ á gbóná jù ú lọ, ọkàn ẹ̀ á máa sáré. 37.5°C ni ó gbọ́dọ̀ mọ, a máa ń fi témómítà wọn omi yẹn àti ara yín ní wákàtí wákàtí. Ẹ máa mu omi tútù lemọ́lemọ́, kí ẹnì kan máa fi táwẹ̀lì tútù nu iwájú orí yín.

Ìgbà wo ni kí n wọ̀ ọ́?

Tí ìrora bá ti ń tẹ̀lé ara wọn dáadáa tí wọ́n sì ń le sí i. Tẹ́ ẹ bá tètè wọ̀ ọ́ jù, ìrora lè fà sẹ́yìn, tó bá ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀ ẹ jáde kẹ́ ẹ rìn káàkiri, kẹ́ ẹ jẹun díẹ̀, kẹ́ ẹ tún padà wọ̀ ọ́.

Ta ni kò yẹ kó wọ̀ ọ́? Mo ní ìjù. Àbúrò mi SS ni.

Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ríru ń dà láàmú, ẹni tí ibà ń ṣe, ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ń wá lára ẹ̀, ẹni tí oyún ẹ̀ ò tíì pé ọ̀sẹ̀ 37, ìbejì, ọmọ tó fi ìdí ṣáájú, ẹni tí omi ara ẹ̀ já tí ìgbẹ́ ọmọ ti wà nínú ẹ̀. Gbogbo àwọn yìí, orí ilẹ̀ ló dáa kí wọ́n wà, kí ọwọ́ lè tètè tó wọn.

Ìjù dá lórí bó ṣe tóbi àti ibi tó wà, ẹ bi kọnsọ́tántì yín, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ẹnu lásán dáhùn. Àbúrò yín tó jẹ́ SS, ó le díẹ̀, torí wọ́n máa fẹ́ máa gbọ́ ọkàn ọmọ láìdáwọ́dúró, kí wọ́n fa omi (dírípù) sí i lára, kí atẹ́gùn ara ẹ̀ má lọ sílẹ̀. Ẹ bèèrè síbẹ̀, kí wọ́n sì bá yín jókòó sọ ọ́. Ẹni tí wọ́n ti fi iṣẹ́ abẹ gbẹ̀bí fún rí, àwọn ọsibítù kan ń jẹ́ kó wọ̀ ọ́ tí wọ́n bá ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbọ́ ọkàn ọmọ, tí kò ní wáyà, tó sì lè wọnú omi, àwọn kan ò ní gbà rárá.

Irun mi ńkọ́? Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe braids ni. Aṣọ ńkọ́?

Ẹ kó o jọ sókè kẹ́ ẹ dì í, ẹ mú fìlà rọ́bà dání. Ẹ má fi wíìgì wọ̀ ọ́, ẹ máa bọ́ ọ dànù láìpẹ́. Aṣọ, kò pọn dandan kẹ́ ẹ wà níhòòhò, bùrèsíà tàbí ṣímí dúdú ti tó fún òkè, ìsàlẹ̀ ló gbọ́dọ̀ ṣí sílẹ̀. Iná yàrá yẹn kì í mọ́lẹ̀ jù, tó bá dàárín òru kò sẹ́ni tó ń wo ara ẹni.

Tí mo bá yàgbẹ́ sínú ẹ̀?

Asẹ́ kékeré kan wà ńbẹ̀ fún un, a máa bù ú jáde, ẹ lè má mọ̀ pàápàá. Ojoojúmọ́ la ń rí i.

Ṣé mo lè da òróró àdúrà sínú omi yẹn? Wòlíì wa fún mi ní omi náà.

Òróró, rárá o. Ó máa jẹ́ kí púùlù yọ̀, ẹ lè ṣubú, ọmọ pàápàá lè yọ̀ lọ́wọ́ agbẹ̀bí. Ẹ fi ra iwájú orí kẹ́ ẹ tó wọlé. Omi àdúrà, ẹ mu díẹ̀ tó bá jẹ́ omi tó mọ́. Fóònù lè wà létí púùlù kí màmá máa gbàdúrà lórí ẹ̀, mo ti gbẹ̀bí pẹ̀lú odindi ìjọ lórí fóònù, wọ́n ń kọrin, a ò sì dá wọn dúró.

Kí ló dé tí wọ́n ní kẹ́ ẹ jáde nígbà ẹ̀kẹta?

Mo ti wà nínú ẹ̀ fún bíi wákàtí kan, ó ń lọ dáadáa, omi ara mi ṣẹ̀ṣẹ̀ já. Agbẹ̀bí mi tan tọ́ọ̀ṣì sínú púùlù, mo rí ojú ẹ̀ kó tó sọ̀rọ̀. Omi tó mọ́ tẹ́lẹ̀ ti ń yí sí àwọ̀ ewédú ní ẹ̀gbẹ́ itan mi, ọmọ ti yàgbẹ́ sínú. Ó fi ẹ̀rọ sí ikùn mi, ó gbọ́, ó tún gbọ́ lẹ́ẹ̀kejì, ó ní "mo fẹ́ kó o jáde báyìí." Èmi tí mò ń sọ ọ́ fáwọn ẹlòmíì lójoojúmọ́, èmi náà ni mo di etí púùlù mú tí mò ń sunkún pé mi ò jáde. Òtútù orí ilẹ̀ yẹn, ìwúwo ikùn yẹn tó padà dé lẹ́ẹ̀kan náà, mi ò lè gbàgbé. Kò tó wákàtí kan tí mo fi bí i, mo ṣì kúnlẹ̀, orí máàtì, mo fọwọ́ ti bẹ́ẹ̀dì. Àwọn dókítà ọmọdé yẹ̀ ẹ́ wò, kò sí nǹkan.

Ó dùn mí fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, mo ń rò ó bíi pé nǹkan kan wà tí mi ò ṣe dáadáa. Ẹ̀yin tí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ jáde, ẹ lè sunkún, ó yẹ kẹ́ ẹ sunkún tó bá dùn yín, ṣùgbọ́n ẹ jáde lójú ẹsẹ̀. Kẹ́ ẹ sì sọ fún wọn pé ẹ ṣì fẹ́ kúnlẹ̀, ìyẹn ò sí lọ́wọ́ omi.

Ibi ọmọ ńkọ́, àti ẹ̀jẹ̀?

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ gba abẹ́rẹ́ tó ń mú ibi tètè bọ́, a máa ní kẹ́ ẹ jáde. Ẹ̀jẹ̀ máa ń tàn ká inú omi kó dà bíi pé ó pọ̀, ó sì ṣòro láti wọn, ìdí nìyẹn tí mo fi ń fẹ́ kí wọ́n jáde kíákíá. Ìwádìí POOL yẹn náà rí i pé ìwọ́ máa ń já díẹ̀ sí i nínú omi ju orí ilẹ̀ lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í sábà ṣẹlẹ̀, torí náà tẹ́ ẹ bá gbé ọmọ sáyà, ẹ má sáré fà á.

Mo fẹ́ ṣe é nílé, ṣé ó dáa?

Ní Britain ó ṣeé ṣe tí agbẹ̀bí NHS bá wà pẹ̀lú yín. Ẹ má ṣáà rọ omi sínú púùlù sílẹ̀ ní ọjọ́ mélòó kan ṣáájú kẹ́ ẹ fi ẹ̀rọ máa mú un gbóná. Ní 2014 ọmọ kan kó àrùn Legionnaires, àrùn ẹ̀dọ̀fóró tó le kan, nínú irú omi bẹ́ẹ̀, ìjọba sì kìlọ̀ fún gbogbo èèyàn. Ìgbà tí ìrọbí bá bẹ̀rẹ̀ ni kẹ́ ẹ rọ ọ́.

Nàìjíríà ni mo wà, àǹtí. Kò sí púùlù ní ọsibítù wa.

Mo mọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lọ ra bááfù rọ́bà ọmọdé kẹ́ ẹ máa dá ṣe é nílé nítorí fídíò tẹ́ ẹ wò. Ẹ̀jẹ̀ tó ń ya lẹ́yìn ìbímọ kì í dúró de gosìló.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tẹ́ ẹ lè ṣe, mo sì ti rí i tó ń ṣiṣẹ́. Tí ìrora bá ń bẹ̀rẹ̀, tí omi ò tíì já, tí agbẹ̀bí bá sì ti gbà, ẹ gbé àga rọ́bà sí balùwẹ̀, ẹ jókòó kẹ́ ẹ kọjú sí ẹ̀yìn àga, kí ẹ̀gbọ́n tàbí ọkọ fi garawa omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́, kó máa fi kete bù ú dà sí ìbàdí yín díẹ̀díẹ̀ tí ìrora bá dé. Kó kọ́kọ́ fi ọwọ́ ara ẹ̀ tọ́ ọ wò. Ìyàwó àbúrò mi ṣe é ní Ògbómọ̀ṣọ́, ó ní ọwọ́ tó ń da omi yẹn gan-an ló mú òun dúró.

Wọ́n sọ fún mi pé púùlù ò sí láyè. Ṣé nítorí mo jẹ́ ènìyàn dúdú ni?

Nígbà míì púùlù kan ṣoṣo ló wà lóòótọ́, ẹlòmíì sì wà nínú ẹ̀. Àmọ́ ìbéèrè yín ò ṣàdédé wá. Ìròyìn MBRRACE-UK, àwọn tó ń ṣèwádìí ikú ìyá àti ọmọ ní Britain, ń fi hàn pé ikú obìnrin dúdú nípasẹ̀ oyún àti ìbímọ ju ìlọ́po méjì ti obìnrin funfun lọ ní Britain, mo sì ti rí obìnrin wa tí wọn ò fi púùlù lọ̀ rárá nítorí pé kò pariwo, wọ́n rò pé kò fẹ́ nǹkan kan. Àwa tí wọ́n kọ́ pé ká máa sọ "ẹ ṣé ma" sí gbogbo nǹkan, níbí ó yẹ ká bèèrè. Tó bá jẹ́ pé ìwé yín ò tíì pé nílùú náà, wọ́n lè kọ bíìlì fún yín, ṣùgbọ́n wọn ò gbọdọ̀ tìtorí owó kọ̀ láti tọ́jú aboyún tàbí kí wọ́n ní kó lọ padà wá.

Báwo ni mo ṣe máa wá bèèrè ẹ̀?

Ẹ sọ ọ́ nígbà tí oyún bá pé ọ̀sẹ̀ 34 sí 36, kí agbẹ̀bí kọ ọ́ sínú ìwé yín lójú yín. Ẹ bi í bóyá agbẹ̀bí tó mọ̀ ọ́n ṣe máa ń wà lóru, torí òru ni ìrọbí fẹ́ràn. Lọ́jọ́ náà, ẹ pè wọ́n kẹ́ ẹ tó kúrò nílé, púùlù máa ń pẹ́ kó tó kún. Tí ìrora bá ń mú yín lọ́wọ́, ẹ jẹ́ kí ọkọ sọ ọ́: "Ìyàwó mi fẹ́ púùlù, ẹ jọ̀ọ́ ẹ máa rọ omi sí i, a ti wà lọ́nà."